Máòsì olówó pọ́ọ́kú ń jẹ èrè àwọn onílé géèmù: Ohun tó yẹ kí ẹ wò kí ẹ tó sanwó ní Ọjà Àlàbá

Tí èèyàn bá fẹ́ ṣí ilé géèmù, ohun tó máa ń kọ́kọ́ rò ni kọ̀ǹpútà fúnra rẹ̀, lẹ́yìn náà ni jẹnẹrétọ̀, tábìlì, àga àti íntánẹ́ẹ̀tì. Ìgbà tí owó bá ti fẹ́ tán lọ́wọ́ ló máa ń rántí máòsì, ohun tó bá sì ṣẹ́ kù lápò ló máa fi rà á. Bẹ́ẹ̀, nínú gbogbo ohun tó wà nínú ṣọ́ọ̀bù yẹn, máòsì ni ọwọ́ oníbàárà kì í kúrò lára rẹ̀ látìgbà tó bá ti jókòó títí tí àkókò tó sanwó fún fi máa pé. Kọ̀ǹpútà náà lè dára bíi kí ni, tí máòsì bá ti ń ṣe ségesège, ohun tí oníbàárà máa sọ ni pé ṣọ́ọ̀bù náà kò dáa. Kò ní dúró ṣàlàyé pé máòsì ni. Ọ̀dọ̀ ẹlòmíràn ló máa gbà lọ lọ́jọ́ kejì, ó sì lè kó àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ lọ.

Ọ̀rọ̀ yìí kan àwọn tó ń ṣòwò lágbègbè Ọ̀jọ́, Ìbà àti Okokomaiko gidi gan-an. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Èkó, LASU, tí wọ́n dá sílẹ̀ lọ́dún 1983, wà níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni ọ̀dọ́ kò lóǹkà ládùúgbò náà. Àwọn wọ̀nyí mọ géèmù, wọ́n mọ èyí tó dáa yàtọ̀ sí èyí tí kò dáa, wọn kì í sì í fara da ìnira. Ohun tó tún wá mú un rọrùn ni pé ọjà tí wọ́n ti ń ta ohun èlò ẹ̀rọ jù nílẹ̀ wa, ìyẹn Ọjà Àlàbá, ẹnu ọ̀nà wọn ló wà. Ẹni tó ń bọ̀ láti Erékùṣù Èkó pàápàá lè wọ ọkọ̀ ojú irin Blue Line, tó bẹ̀rẹ̀ sí í kó èrò láàárín Marina àti Mile 2 lóṣù kẹsàn-án ọdún 2023, kó wá wọ bọ́ọ̀sì láti Mile 2.

Ṣùgbọ́n àtidé Àlàbá kọ́ ni iṣẹ́, àtimọ ohun tí wọ́n ń rà ni. Ojúlówó wà níbẹ̀, ayédèrú wà níbẹ̀, tòkúnbọ̀ náà wà níbẹ̀, ẹ̀gbẹ́ ara wọn ni wọ́n sì jókòó sí. Látìgbà tí ìjọba àpapọ̀ ti ní kí ọjà máa pinnu iye náírà lóṣù kẹfà ọdún 2023, owó gbogbo ohun tó ń ti òkè òkun wọlé ló ti gbẹ́nu sókè, èyí sì ti mú kí ọ̀pọ̀ máa sáré tọ èyí tó bá rọjú jù lọ lórí àtẹ. Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ọbẹ̀ tó dùn, owó ló pa á. Kì í ṣe pé ẹ gbọ́dọ̀ ra èyí tó wọ́n jù o. Ohun tí a ń sọ ni pé ẹ ka iye tí máòsì náà máa ná yín lóṣù, ẹ má wo iye tí ẹ rà á nìkan.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò ẹ̀

Ẹ jẹ́ ká mú un pé ṣọ́ọ̀bù kan ní kọ̀ǹpútà mẹ́wàá. Ká ní onítọ̀hún ra máòsì ₦3,000, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan sì ń lo oṣù mẹ́ta kó tó bàjẹ́. Ìgbà mẹ́rin ló máa rà á lọ́dún. ₦12,000 ló ná lórí kọ̀ǹpútà kan, ₦120,000 lórí mẹ́wẹ̀ẹ̀wá. Ká ní ẹnìkejì ra ti ₦15,000, tí èyí sì lo ọdún méjì gbáko. ₦7,500 ló ná lọ́dún lórí kọ̀ǹpútà kan, ₦75,000 lórí mẹ́wẹ̀ẹ̀wá. Ẹni tó ra olówó pọ́ọ́kú ti fi ₦45,000 ṣòfò lọ́dún kan, a kò sì tíì ka owó ọkọ̀ sí Àlàbá nígbà mẹ́rin, tàbí wákàtí tí kọ̀ǹpútà fi dúró láìpa owó wọlé, tàbí oníbàárà tó bínú lọ.

Àpẹẹrẹ lásán ni àwọn iye wọ̀nyí. Ẹ fi iye tí wọ́n bá pè fún yín lọ́jọ́ tí ẹ bá lọ rọ́pò wọn, kí ẹ sì pín in pẹ̀lú iye oṣù tí máòsì náà lò. Bí ẹ ò bá mọ iye oṣù tí àwọn tó wà nílẹ̀ ti lò, ẹ bẹ̀rẹ̀ lónìí: ẹ lẹ bébà kékeré mọ́ abẹ́ máòsì kọ̀ọ̀kan, kí ẹ kọ ọjọ́ tí ẹ rà á àti iye tí ẹ rà á síbẹ̀. Láàárín ọdún kan, bébà yẹn á sọ fún yín irú èyí tó ń mú èrè wá àti èyí tó ń jẹ owó.

Kí ló ń pa máòsì nílé géèmù?

Ọ̀gbẹ́ni Douglas Engelbart àti ẹnìkejì rẹ̀, Bill English, ló kọ́kọ́ ṣe máòsì ní Amẹ́ríkà lọ́dún 1964. Igi ni wọ́n fi ṣe ara rẹ̀. Nítorí wáyà tó jáde lẹ́yìn rẹ̀ bí ìrù ni wọ́n fi sọ ọ́ lórúkọ eku. Àwọn tó ṣòwò kàfé íntánẹ́ẹ̀tì ní nǹkan bí ogún ọdún sẹ́yìn á rántí máòsì tó ní bọ́ọ̀lù lábẹ́, tí ìdọ̀tí máa ń dì mọ́, tí a máa ń tú tí a ó sì fi èékánná ha inú rẹ̀. Ìyẹn ti kọjá lọ. Lọ́dún 1999 ni Microsoft gbé IntelliMouse Explorer jáde, tó ń fi iná ríran dípò bọ́ọ̀lù. Láti ìgbà náà, ìdọ̀tí kọ́ ni ìṣòro pàtàkì mọ́. Ohun mẹ́ta ló kù tó ń pa máòsì: bọ́tìnì, wáyà, àti ara rẹ̀ tó ń yọ́.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ lórí bọ́tìnì. Lábẹ́ bọ́tìnì kọ̀ọ̀kan ni ṣíṣì kékeré kan wà, irin tín-ín-rín kan sì wà nínú rẹ̀ tó ń lọ tó ń bọ̀ nígbàkígbà tí ìka bá tẹ̀ ẹ́. Òun ló ń dún “kíkí” yẹn. Tí irin náà bá ti rẹ̀, tàbí tí ojú rẹ̀ bá ti dípẹtà, títẹ̀ ẹ̀ẹ̀kan á di ẹ̀ẹ̀mejì. Oníbàárà fẹ́ yìnbọn ẹ̀ẹ̀kan nínú géèmù, ìbọn dún lẹ́ẹ̀mejì. Ó fẹ́ di nǹkan mú, nǹkan náà já bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Àrùn tó ń pa máòsì géèmù jù nìyí.

Àwọn tó ń ṣe ṣíṣì yìí máa ń sọ iye ìgbà tí wọ́n retí pé ó lè gba títẹ̀. Omron ti ilẹ̀ Japan jẹ́ ọ̀kan pàtàkì nínú wọn. Àwọn kan jẹ́ mílíọ̀nù 10, àwọn kan mílíọ̀nù 20, àwọn míì mílíọ̀nù 50. Ó dà bíi pé mílíọ̀nù 10 pọ̀, àbí? Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Ká ní oníbàárà ń tẹ bọ́tìnì òsì ní ọgọ́ta ìgbà níṣẹ́jú kan, tí máòsì náà sì ń ṣiṣẹ́ wákàtí mẹ́wàá lójúmọ́. Ìgbà 36,000 ni wọ́n tẹ̀ ẹ́ lọ́jọ́ kan. Mílíọ̀nù 10 á parí ní nǹkan bí ọjọ́ 277, ìyẹn oṣù mẹ́sàn-án péré. Mílíọ̀nù 20 á lo nǹkan bí ọdún kan àbọ̀. Mílíọ̀nù 50 á lé ní ọdún mẹ́ta àbọ̀.

Ẹ wá wo ìyàtọ̀. Ẹni tó ń tẹ ìwé fún àwọn èèyàn ní ilé ìtẹ̀wé kékeré lè má tẹ bọ́tìnì ju ìgbà 5,000 lọ lójúmọ́. Mílíọ̀nù 10 kan náà á sìn ín fún ọdún márùn-ún ó lé. Nítorí náà, kò sí ìdí tí onílé ìtẹ̀wé fi máa náwó géèmù sórí máòsì. Ohun tó ń jẹ onílé géèmù lówó yàtọ̀ sí ti ẹ̀yin tó kù. Kí kálukú ra ohun tó bá iṣẹ́ rẹ̀ mu.

Ìkejì ni wáyà. Ibi tó ti wọ inú máòsì lọ ló máa ń kọ́kọ́ já, nítorí ibẹ̀ ló ń tẹ̀ sọ́tùn-ún sósì látàárọ̀ dalẹ́. Máòsì tó dáa máa ń ní rọ́bà tó gùn díẹ̀ níbẹ̀ láti dáàbò bo wáyà. Tí ẹ bá rí i pé wáyà kàn gba inú ihò wọlé láìsí nǹkan kan tó dì í mú, ẹ má rà á.

Ìkẹta ni ara rẹ̀. Àwọn máòsì kan wà tí wọ́n fi rọ́bà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kùn lára, tó máa ń dán, tó sì máa ń tuni lára lọ́jọ́ tí wọ́n bá ra á. Nínú ooru àti òógùn tiwa níhìn-ín, rọ́bà yẹn máa ń yọ́, á wá máa lẹ̀ mọ́ èèyàn lọ́wọ́ bí oje igi. Kò sí bí ẹ ṣe máa nù ún tí kò ní dọ̀tí mọ́ oníbàárà lójú. Ike lásán tí ara rẹ̀ rí ṣákaṣàka díẹ̀, tí kì í yọ̀, ló dáa jù fún ṣọ́ọ̀bù.

Kí ó rọ ọwọ́ lọ́rùn

Ọwọ́ èèyàn kò dọ́gba, máòsì náà kò sì gbọ́dọ̀ jẹ́ ti ẹnì kan ṣoṣo. Ẹ wọn ọwọ́ láti ibi tí ọrùn ọwọ́ ti ṣẹ́ títí dé orí ìka àárín. Ọwọ́ tí kò bá tó sẹ̀ǹtímítà 17 kéré, èyí tó wà láàárín 17 sí 19 wọ́pọ̀, èyí tó bá ju bẹ́ẹ̀ lọ tóbi. Tí máòsì bá kéré jù fún ọwọ́, ìka á ká, iṣan á sì máa ro. Tó bá tóbi jù, ìka kò ní dé orí bọ́tìnì dáadáa, ọrùn ọwọ́ ló máa wá máa ṣe gbogbo wàhálà. Ẹni tó ń fi ojoojúmọ́ ṣe bẹ́ẹ̀ lè di ẹni tí ọrùn ọwọ́ ń dùn, tí ìka ń kú. Ẹ rántí ọmọ tó ń bá yín tọ́jú ṣọ́ọ̀bù náà o, òun ló ń lò ó jù.

Nílé géèmù, a kò lè wọn ọwọ́ gbogbo oníbàárà. Ọgbọ́n tó wà níbẹ̀ ni pé kí ẹ ra èyí tó wà láàárín, tí ọ̀tún àti òsì rẹ̀ rí bákan náà. Irú èyí gba ọwọ́ ọ̀tún, ó sì gba ti àwọn olówó-òsì. Ẹ lè wá ra ńlá kan tàbí méjì sí ìpamọ́ fún àwọn tí ọwọ́ wọn gbòòrò. Ní ti ìwọ̀n, ẹ má rò pé èyí tó bá wúwo ló dáa. Àwọn tó ń ṣe ayédèrú máa ń fi irin kan sínú rẹ̀ kó lè dà bí ojúlówó lọ́wọ́. Máòsì tó fúyẹ́, bíi gíráàmù 80 sí 100, tó fún ọwọ́ ní ìsinmi, ló dára fún ẹni tó máa lò ó fún wákàtí mẹ́ta lẹ́ẹ̀kan náà.

Ẹ má jẹ́ kí iná àti nọ́ńbà tàn yín

Lára páálí, ẹ máa rí nọ́ńbà ńlá ńlá tí wọ́n pè ní DPI. Ohun tó ń sọ ni iye àmì tí ojú máòsì ń kà nígbà tí ọwọ́ bá sún un ní ínǹṣì kan. Ọ̀pọ̀ àwọn tó mọ géèmù ìbọn bíi Counter-Strike ta kì í lò ju 400 sí 1,600 lọ. Nítorí náà, 16,000 tí wọ́n kọ gàdàgbà síbẹ̀ kò sọ ọ́ di ojúlówó. Iná aláwọ̀ mèremère náà kò fi ọjọ́ kan kún ẹ̀mí rẹ̀. Èyí tó ṣe pàtàkì jù ni iye ìgbà tí máòsì ń ránṣẹ́ sí kọ̀ǹpútà. Máòsì lásán máa ń ránṣẹ́ nígbà 125 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, ti géèmù máa ń ránṣẹ́ nígbà 1,000. Àwọn tó ń ta géèmù ìdíje máa ń mọ ìyàtọ̀ yìí lára.

Àwọn kan máa bi wá pé ṣé èyí tí kò ní wáyà kò wá dáa jù? Nílé, ó dáa. Ní ṣọ́ọ̀bù, ẹ máa ra bátìrì, ẹ ó sì máa ṣọ́ ohun kékeré tí wọ́n ń kì bọ ẹ̀gbẹ́ kọ̀ǹpútà, tí kò tóbi ju èékánná lọ. Lọ́jọ́ tó bá bá oníbàárà kan lọ nínú àpò, máòsì náà di ohun ìṣeré ọmọdé nìyẹn. Ẹ mú èyí tó ní wáyà.

Bí ẹ ṣe máa dán an wò lórí káńtà

Ojú ni alákàn fi ń ṣọ́rí. Ẹ gbé láàpútọ́ọ̀pù yín dání lọ sí Àlàbá, ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé ti oníṣòwò. Kẹ́ ẹ tó sanwó, ẹ ṣe nǹkan wọ̀nyí:

Àkọ́kọ́, ẹ kì í bọ kọ̀ǹpútà, kí ẹ fi ìka di fáìlì kan mú, kí ẹ máa wọ́ ọ kiri ojú kọ̀ǹpútà fún bíi ìṣẹ́jú kan. Tó bá já bọ́ fúnra rẹ̀, ṣíṣì rẹ̀ ti ní àrùn. Lẹ́yìn náà, ẹ máa tẹ fódà kan lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, kẹ́ ẹ máa dúró díẹ̀ láàárín, ní ìgbà àádọ́ta. Kò gbọ́dọ̀ ṣí.

Ìkejì, ẹ ṣí ìwé tó gùn, kí ẹ yí táyà àárín rẹ̀ sísàlẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Tí ìwé bá ń fò padà sókè, ẹ gbé e kalẹ̀.

Ìkẹta, ẹ máa tẹ wáyà síhìn-ín sọ́hùn-ún ní ẹnu ibi tó ti wọlé, kí ẹ máa wo ojú kọ̀ǹpútà. Tí ọfà bá dúró tàbí tí iná bá ṣẹ́jú, wáyà ti já nínú.

Ìkẹrin, ẹ sún un kíákíá lórí aṣọ tàbí pátákó. Tí ọfà bá fò lọ sí igun kan láìjẹ́ pé ẹ rán an níṣẹ́, ojú rẹ̀ kò ríran dáadáa. Ẹ má dán an wò lórí káńtà onígíláàsì, nítorí ojú máòsì kì í sábà ríran lórí gíláàsì, ẹ lè tìtorí bẹ́ẹ̀ kọ èyí tó dáa sílẹ̀.

Ìkarùn-ún, ẹ mì í létí. Tí nǹkan bá ń ró nínú rẹ̀, ẹ bi í ní ohun tó jẹ́.

Tó bá jẹ́ orúkọ ńlá bíi Logitech ni wọ́n kọ sí i lára, ẹ ka gbogbo ọ̀rọ̀ ara páálí dáadáa, nítorí àṣìkọ ọ̀rọ̀ ló máa ń tú àṣírí ayédèrú. Logitech ní ètò kan tí wọ́n ń pè ní G HUB fún máòsì géèmù wọn. Ẹ gbé e sórí láàpútọ́ọ̀pù yín kí ẹ tó kúrò nílé. Tí ètò náà kò bá mọ máòsì géèmù tí wọ́n sọ pé ojúlówó ni, ẹ tún èrò pa.

Ẹ̀yin tó fẹ́ràn tòkúnbọ̀, a kò ní kẹ́ ẹ má rà, ṣùgbọ́n ẹ ṣọ́ra. Lọ́dún 2005, àjọ Basel Action Network ti Amẹ́ríkà gbé ìwádìí kan jáde lórí àlòkù kọ̀ǹpútà tó ń wọ Èkó. Àwọn oníṣòwò ibí fúnra wọn ló sọ fún wọn pé èyí tí kò wúlò nínú àwọn ẹrù yẹn lè tó ìdá 75 nínú ọgọ́rùn-ún. Nínú máòsì, àlòkù túmọ̀ sí pé ẹlòmíràn ti tẹ díẹ̀ nínú mílíọ̀nù 10 yẹn, ẹ ò sì mọ iye tó kù.

Rìsíìtì àti ìpààrọ̀

Ẹ má ra mẹ́wàá lẹ́ẹ̀kan náà lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Ẹ ra méjì, kí ẹ fi wọ́n sí orí kọ̀ǹpútà tí àwọn oníbàárà ń lò jù, kí ẹ wò wọ́n fún oṣù kan. Tó bá dáa, ẹ padà lọ sọ́dọ̀ oníṣòwò yẹn kan náà, kí ẹ ná an ní owó páálí. Mú méjì sí mẹ́ta kún un fún ìpamọ́. Onílé géèmù tí kò ní máòsì sí ìpamọ́ dà bí awakọ̀ tí kò ní táyà àpẹ́lẹ̀.

Ẹ gba rìsíìtì tó ní ọjọ́, orúkọ máòsì àti iye rẹ̀. Kí oníṣòwò kọ iye ọjọ́ tí ẹ lè fi dá a padà tó bá bàjẹ́ síbẹ̀. Àwọn kan ti tẹ̀ ẹ́ sára rìsíìtì pé owó tó bá ti wọlé kò ṣeé dá padà. Àjọ FCCPC, tó ń dáàbò bo ẹ̀tọ́ oníbàárà lábẹ́ òfin ọdún 2018, ti sọ léraléra pé irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ lòdì sófin tí ọjà náà bá lábùkù. Ṣùgbọ́n ẹ fi sùúrù sọ ọ́. Oníṣòwò tí ẹ bá jọ di ọ̀rẹ́ ló máa pààrọ̀ rẹ̀ fún yín láìsí ariwo.

Lákòótán, máòsì tí bọ́tìnì rẹ̀ bàjẹ́ kì í ṣe ohun ìdànù. Atúnṣe ẹ̀rọ tó mọ bí wọ́n ṣe ń jó òjé lè yọ ṣíṣì kan kúrò, kó fi tuntun sí i láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀. Kódà, nítorí bọ́tìnì òsì ló ń ṣiṣẹ́ jù, ṣíṣì ọ̀tún lára máòsì tí wáyà rẹ̀ ti já ṣì lè gba òmíràn là. Ẹ kó àwọn tó bá kú jọ sínú páálí kan, ẹ má jù wọ́n sórí ààtàn.

Òwò géèmù kì í ṣe òwò ọlọ́rọ̀ nìkan. Náírà díẹ̀díẹ̀ ni oníbàárà ń san, díẹ̀díẹ̀ náà ló sì ń jò lọ tí a kò bá mójú tó o. Ẹ yẹ gbogbo máòsì tó wà ní ṣọ́ọ̀bù yín wò lálẹ́ òní kẹ́ ẹ tó tìlẹ̀kùn. Ajé á wọlé fún gbogbo wa o.